Kí Ló Pa Wọ́n? Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Àkọsílẹ̀ Ohun Tó Ń Fa Ikú, fún Àwa Ará Èkìtì

Àwọn tó ń kọ ìtàn ìdílé, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì, àti àwọn ọmọ olóòkú tí ohun tó wà nínú ìwé ẹ̀rí ikú kò yé, ló máa ń mú ìbéèrè wọ̀nyí wá bá àwa tí a ń ṣiṣẹ́ ní yàrá àkọsílẹ̀ ilé ìwòsàn. Mo dá wọn lóhùn níbí, kí ẹni tó wà ní Ọ̀mùò tàbí Ẹ̀fọ̀n-Alààyè má baà wọkọ̀ wá sí Adó nítorí rẹ̀.

Ìgbà wo ni ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ohun tó pa òkú sílẹ̀?

Ìwé ìlú Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n máa ń tọ́ka sí jù. Ẹ̀rù àjàkálẹ̀ àrùn tí òyìnbó ń pè ní plague ló bí i, ní àwọn ọdún 1500: ìjọba fẹ́ tètè mọ̀ bí àrùn bá ti wọ̀lú. Láti 1603 ni wọ́n ti ń kọ ọ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láì dáwọ́ dúró. Àwọn tó ń wo òkú kì í ṣe dókítà o. Àwọn ìyá àgbà tálákà, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ opó, ni ìjọ máa ń rán lọ. Wọ́n á wo òkú, wọ́n á bi àwọn ará ilé léèrè, wọ́n á sì lọ sọ ohun tí wọ́n rí fún akọ̀wé ìjọ.

Ní 1662, oníṣòwò kan tó ń jẹ́ John Graunt kó àwọn ìwé ọ̀sẹ̀ náà jọ, ó sì ṣírò wọn. Ó ní nínú ọmọ 100 tí wọ́n bá bí ní Lọ́ńdọ̀nù, nǹkan bí 36 ni yóò kú kí wọ́n tó pé ọmọ ọdún 6. Ó tún fura sí ìwé náà fúnra rẹ̀. Ó rí i pé àwọn tí wọ́n kọ pé àrùn ìbálòpọ̀ pa kéré jù, ó sì sọ ìdí rẹ̀: ife ọtí kan àti owó ẹ̀yìn díẹ̀ ti tó láti mú kí ìyá tó wá wo òkú sọ pé àrùn tó ń gbẹ ènìyàn ló pa á. Ní 1665, ìwé náà ka òkú 68,596 sọ́rùn àjàkálẹ̀ àrùn. Ó dájú pé wọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ilé tí wọ́n bá ti rí àrùn yẹn ni wọ́n ń tì pa pẹ̀lú àwọn alààyè inú rẹ̀. Ta ni yóò jẹ́wọ́?

Ẹ fi èyí sọ́kàn bí a ṣe ń lọ. Ìwé ikú kì í sọ ju ohun tí àwọn alààyè gbà láti sọ lọ. Ní àwọn ọdún tí éèdì gbòde lọ́dọ̀ wa, mélòó ni ìkéde òkú tó dárúkọ rẹ̀?

Mo rí “eyín” nínú ìwé àtijọ́ pé ó pa ọmọ púpọ̀. Báwo ni eyín ṣe ń pa ọmọ?

Eyín kì í pa ọmọ. Ọmọ tó kú ní àkókò tó ń hu eyín ni wọ́n kọ bẹ́ẹ̀. Bí ibà ló pa á ni o, bí ìgbẹ́ gbuuru ni o, bí ikọ́ ni o, eyín tó ń yọ ni wọ́n rí, òun ni wọ́n sì dá lẹ́bi.

Mi ò fi àwọn ìyá Lọ́ńdọ̀nù ṣẹ̀sín, nítorí ọ̀rọ̀ náà ṣì wà láàárín wa. Títí di òní, ìyá ọmọ á gbé ọmọ olóṣù mẹ́jọ tí ara rẹ̀ gbóná, tó ń yàgbẹ́ omi, wọ ilé ìwòsàn nígbà tí ojú ọmọ ti jìn wọnú, á ní wọ́n ní eyín ni, òun ń retí kó yọ tán. Orúkọ tí a fún àìsàn ló ń sọ ohun tí a máa ṣe sí i. Bí a bá ti pè é ní eyín, a ó jókòó tì í.

Ta ló wá to gbogbo rẹ̀ sí ẹ̀ka-ẹ̀ka?

Ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ló dán an wò, ṣùgbọ́n ẹni méjì ni kí ẹ mọ̀. William Farr ni àkọ́kọ́. Ní England, ìforúkọsílẹ̀ ikú bẹ̀rẹ̀ ní July 1837, Farr sì wọ ọ́fíìsì náà gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń ṣírò ohun tí wọ́n kọ. Ìráhùn rẹ̀ ni pé àrùn kan ń jẹ́ orúkọ mẹ́ta mẹ́rin, orúkọ kan náà sì ń bo àrùn mẹ́ta mẹ́rin. Ẹ wo “ibà” tiwa: ibà lásán, ibà jẹ̀funjẹ̀fun, ibà pọ́njú, gbogbo rẹ̀ ibà ni. Farr pín ohun tó ń pani sí ọ̀nà márùn-ún: àrùn tó ń jà káàkiri, àrùn tó gba gbogbo ara, àrùn tó jókòó sí ẹ̀yà ara kan, èyí tó jẹ mọ́ ìdàgbà àti ìbímọ, àti èyí tí ìjàǹbá tàbí ipá fà.

Ohun tó mú mi fẹ́ràn iṣẹ́ Farr jù ni ọ̀rọ̀ onígbáméjì. Ó gbà gbọ́ pé afẹ́fẹ́ búburú tó ń ti odò bọ̀ ló ń fà á. Ó ṣìnà. Ṣùgbọ́n ó kọ ibi tí olúkúlùkù kú sí, àti omi tí àdúgbò kọ̀ọ̀kan ń mu. Nígbà tí àrùn náà tún jà ní 1866, ìṣirò òun fúnra rẹ̀ ló fi hàn pé omi ilé iṣẹ́ kan ní ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù ló ń pa àwọn ènìyàn, ó sì gbà bẹ́ẹ̀. Èrò rẹ̀ kò tọ̀nà, àkọsílẹ̀ rẹ̀ tọ̀nà, àkọsílẹ̀ sì ṣẹ́gun èrò.

Ẹnì kejì ni Jacques Bertillon, ará Faransé, tó gbé ìwé ìpínsọ́wọ̀ọ́ tirẹ̀ kalẹ̀ níwájú àwọn oníṣirò àgbáyé ní Chicago ní 1893. Orí èyí ni ohun tí a ń lò lónìí gùn. Àjọ Ìlera Àgbáyé gba iṣẹ́ náà ní 1948 pẹ̀lú àtúnṣe kẹfà. Ní 1990 ni wọ́n fọwọ́ sí ẹ̀dà kẹwàá, tí a mọ̀ sí ICD-10. Ẹ̀dà kọkànlá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní January 2022.

Kí òyìnbó tó dé, ṣé àwa ní Èkìtì kò pín ikú sọ́wọ̀ọ́?

A pín in, ó sì ṣe kedere. Ibi tí wọ́n sin òkú sí ni ẹ ó ti kà á.

Àgbà tó gbó, tó tọ́, tó fi ọmọ sẹ́yìn, inú ilé ni wọ́n ń sin ín sí, kó lè máa gbọ́ ohùn àwọn ọmọ rẹ̀. Ọ̀dọ́ tó kú, òkú ọ̀fọ̀ ni: wọ́n á tètè sin ín, kò sí ìlù, kò sí ijó, òbí kò sì gbọdọ̀ mọ ojú oórì ọmọ rẹ̀. Ẹni tí àrá pa, àwọn oníṣàngó ló ni ín. Ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kan òkú náà títí wọ́n á fi dé. Ẹni tó bómi lọ, etí odò ni. Abuké, adẹ́tẹ̀ àti ẹni tó pokùnso kì í wọ ilẹ̀ ilé. Inú igbó ni wọ́n ń gbé wọn lọ. Aboyún tó kú pẹ̀lú oyún nínú ní ètùtù tirẹ̀, ètùtù tó wúwo púpọ̀.

Ṣọ̀pọ̀nná ló le jù. Wọn kì í dárúkọ rẹ̀. Wọ́n á ní ilẹ̀ gbígbóná ni, tàbí kí wọ́n pè é ní Olóde. Àwọn àwòrò rẹ̀ ló ń gbé òkú, àwọn náà ló sì ń kó ẹrù òkú lọ. Ará ilé kò gbọdọ̀ sunkún. Ọpẹ́ ni wọ́n máa dá. Nítorí náà, bí ẹ bá ń gba ìtàn ìdílé sílẹ̀, tí ìyá àgbà kan bá sọ fún yín pé ẹ̀gbọ́n bàbá òun kú, wọn kò sunkún rẹ̀, wọ́n sì kó gbogbo aṣọ rẹ̀ lọ, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kíákíá. Ó ti sọ ohun tó pa á fún yín láì la ẹnu pè é. Ìpamọ́ wà níhìn-ín náà o, bíi ti ilé tí wọ́n ń tì pa ní Lọ́ńdọ̀nù: ìdílé tí kò fẹ́ kí ẹrù lọ á sin òkú rẹ̀ ní bòókẹ́lẹ́. Dókítà Ògúntọ́lá Sàpárà, ọmọ Yorùbá tó ṣiṣẹ́ ní Èkó, wọ inú ẹgbẹ́ àwọn àwòrò náà kó lè mọ bí àrùn ṣe ń tàn kálẹ̀ láti ọwọ́ wọn. Nàìjíríà rí ẹni ìkẹyìn tí àrùn yìí mú ní 1970. Ní May 1980, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó ti kúrò láyé. Síbẹ̀ nọ́mbà rẹ̀ ṣì wà nínú ICD-10, B03.

Ètò tiwa yìí kò béèrè ohun kan náà tí dókítà ń béèrè. Dókítà ń béèrè ohun tó bà jẹ́ nínú ara. Àwọn baba wa ń béèrè ohun tó yẹ kí alààyè ṣe kí irú rẹ̀ má baà tún wọlé. Ìwé Lọ́ńdọ̀nù, ní tirẹ̀, ń béèrè bóyá kí àwọn ènìyàn sá kúrò nílùú. Bí ìbéèrè bá ti yàtọ̀, ìpínsọ́wọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ yàtọ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé àìmọ̀kan lásán ni tiwa.

Àbíkú ńkọ́? Ṣé àìsàn ni?

Ó yẹ kí a fara balẹ̀ níbí, nítorí ọ̀pọ̀ ìyá ni wọ́n fi orúkọ yìí nà lẹ́gba.

Nínú ìwé dókítà, ikú ọmọ mẹ́rin jẹ́ ìwé mẹ́rin. Ọ̀kan lè ní ibà, èkejì gìrì, ẹ̀kẹta àìtó ẹ̀jẹ̀, ẹ̀kẹrin ikọ́. Kò sí ibi tí ìwé náà ti so ọmọ mẹ́rin wọ̀nyí pọ̀. Àwọn ìyá wa so wọ́n pọ̀. Wọ́n rí i pé ìyá kan náà ni, ilé kan náà ni, ikú sì ń padà wá. Ohun tí wọ́n rí jẹ́ òótọ́, bí àlàyé wọn kò tilẹ̀ bá ti ilé ìwòsàn mu. Ní 1949 ni àwọn onímọ̀ fi hàn bí fọ̀níkú-fọ̀ládìde ṣe ń ti ara òbí dé ara ọmọ. Bí bàbá bá jẹ́ AS, tí ìyá náà jẹ́ AS, gbogbo oyún tí wọ́n bá ní ló ní ìdá kan nínú mẹ́rin pé ọmọ lè jẹ́ SS. Láyé ìgbà tí kò sí ìtọ́jú, púpọ̀ nínú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í pé ọdún márùn-ún.

Kì í ṣe gbogbo àbíkú ló jẹ́ SS. Ibà pa ọmọ púpọ̀, ìta, tí òyìnbó ń pè ní measles, pa púpọ̀, tẹ́tánọ́ọ̀sì tó gba ojú ìwọ́ wọlé sì pa ìkókó. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí Málọmọ́, Kòkúmọ́, Dúrójayé, Kásìmáawòó nínú ìran yín, àkọsílẹ̀ ikú ni ẹ ń wò. Ọmọ tó ń jẹ́ orúkọ náà yè, ó kéré tán fún ìgbà díẹ̀. Àwọn tó ṣáájú rẹ̀ ni kò yè. Ẹ béèrè iye wọn. Bí ẹ bá sì tún wá rí orúkọ bẹ́ẹ̀ ní ìhà bàbá àti ní ìhà ìyá, ẹ jẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ ilé yín lọ ṣe àyẹ̀wò jẹ̀nótáìpù kí wọ́n tó dá ọjọ́ ìgbéyàwó.

Níbo ni mo ti lè rí àkọsílẹ̀ ikú bàbá bàbá mi?

Ìforúkọsílẹ̀ ikú dé Èkó láàárín 1860 sí 1870, òfin tó kan ibi púpọ̀ sí i jáde ní 1917, èyí tó sọ ọ́ di dandan jákèjádò orílẹ̀-èdè lónìí sì jẹ́ ti 1992. Òfin ni mo wí o. Ní abúlé Èkìtì, ilé ni wọ́n kú sí, ilé ni wọ́n sin wọ́n sí, kò sí ẹni tó béèrè ìwé lọ́wọ́ wọn. Lónìí gan-an, àfi bí bàǹkì tàbí ọ́fíìsì owó ìfẹ̀yìntì bá béèrè, ọ̀pọ̀ ìdílé kì í lọ forúkọ òkú sílẹ̀.

Òfin wa fúnra rẹ̀ pín iṣẹ́ náà sí méjì: ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1999 fi ìforúkọsílẹ̀ ikú sínú iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, ó sì tún fi ètò rẹ̀ fún gbogbo orílẹ̀-èdè lé ìjọba àpapọ̀ lọ́wọ́, èyí tí Àjọ Ètò Ìkànìyàn ń ṣe. Ẹ wá a ní ibi méjèèjì.

Ẹ rántí pé Ìpínlẹ̀ Èkìtì kò sí kí ó tó di October 1996. Ìwé tó ti pẹ́ lè wà ní Àkúrẹ́, tí ikú náà bá ṣẹlẹ̀ nígbà tí a wà lábẹ́ Oǹdó. Fáìlì àwọn ajẹ́lẹ̀ òyìnbó tó kan Èkìtì wà ní ilé àkójọ ìwé ìjọba ní Ìbàdàn. Níbẹ̀ lẹ ti lè rí ìròyìn àjàkálẹ̀ àrùn àti iṣẹ́ àwọn wolé-wolé, ṣùgbọ́n orúkọ ẹni kọ̀ọ̀kan ṣọ̀wọ́n.

Ìwé ìsìnkú ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà dára fún ọjọ́ àti orúkọ. Irú tí wọ́n gbé ti Ìlú Ọba wá ní àyè fún orúkọ, ibùgbé, ọjọ́ ìsìnkú, ọjọ́ orí àti àlùfáà tó sin òkú. Kò ní àyè fún ohun tó pa á, nítorí náà ẹ má bá àlùfáà jà bí ẹ kò bá rí i. Ní ti ọjọ́ orí, ẹ ṣọ́ra: púpọ̀ nínú rẹ̀ ni wọ́n fojú díwọ̀n. Ohun tó dára jù ni kí ẹ so ó mọ́ ìṣẹ̀lẹ̀ tí gbogbo ìlú mọ̀. Bí wọ́n bá ní bàbá yín àgbà ti ń fi ẹsẹ̀ rìn nígbà ogun Kíríjì, tàbí pé ìyàwó rẹ̀ àkọ́kọ́ kú ní ọdún lùkúlùkú, ẹ ti rí nǹkan dì mú: 1918 ni àjàkálẹ̀ àrùn influenza yẹn, ó bá ọkọ̀ ojú omi wọ Èkó ní September, ó sì tàn dé ìgbèríko. Òun náà ló ṣeé ṣe jù pé ó pa ìyàwó náà.

Ìwé ẹ̀rí ikú ìyá mi sọ pé “cardiac arrest”. Ṣé àrùn ọkàn ló pa wọ́n?

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Rárá, kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó kàn sọ pé ọkàn wọn dúró, kò sì sí òkú tí ọkàn rẹ̀ kò dúró. Dókítà tó kọ èyí nìkan kò tíì kọ nǹkan kan.

Bó ṣe yẹ kó rí nìyí. Apá kìíní ìwé náà ní ìlà mélòó kan, láti (a) wá sísàlẹ̀. Ìlà (a) ni ohun tó ṣẹlẹ̀ kẹ́yìn. Ìlà tó tẹ̀ lé e ni ohun tó fa ìyẹn. Ẹ ó máa bọ̀ nísàlẹ̀ títí ẹ ó fi dé orísun. Bí àpẹẹrẹ: (a) ẹ̀jẹ̀ dà sínú ọpọlọ, (b) ẹ̀jẹ̀ ríru ọlọ́dún gbọọrọ. Apá kejì ni a ń kọ ohun mìíràn tó dá kún un sí, bí ìtọ̀ ṣúgà. Orísun tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ni ìjọba ń kà nígbà tí wọ́n bá ń ṣírò ohun tó ń pa ará ìlú, nítorí ibẹ̀ la ti lè dá ikú dúró. Ẹ ní ẹ̀tọ́ láti padà lọ bi dókítà: “Ẹ jọ̀ọ́, kí ló fa ọkàn tó dúró?”

Kí ni lẹ́tà àti nọ́mbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀?

Kóòdù ICD ni. Lẹ́tà ń sọ ilé tí àrùn náà ń gbé, nọ́mbà ń sọ yàrá rẹ̀. A00 ni onígbáméjì, B05 ni ìta, B50 ni irú ibà ẹ̀fọn tó ń pani jù, D57 ni fọ̀níkú-fọ̀ládìde, I64 ni rọpárọsẹ̀ tí wọn kò mọ irú rẹ̀. Bí ẹ bá rí R ní iwájú, àmì àìsàn lásán ni wọ́n rí, wọn kò mú àrùn náà fúnra rẹ̀. R54 ni ogbó. R99 ni èyí tí kò sí ẹni tó mọ̀.

Bí àrùn kò bá tíì ní orúkọ nígbà náà ńkọ́?

Orúkọ tó súnmọ́ ọn jù ni wọ́n á fún un. Ibà Lassa gba orúkọ rẹ̀ ní 1969, láti ìlú kan ní Borno. Ọ̀wọ̀, tó múlé ti Èkìtì, mọ̀ ọ́n dáadáa lónìí. Ẹni tí eku kó o ràn ní oko kí ó tó di ọdún yẹn, ibà ni wọ́n á ní ó pa á.

“Lẹ́yìn àìsàn ránpẹ́” ni wọ́n kọ sára pósítà. Kí ni ó túmọ̀ sí?

Ó túmọ̀ sí pé ìdílé kò fẹ́ sọ. Ẹ̀tọ́ wọn ni lójú títì. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó jẹ́ òun nìkan ni yóò kù nínú ìwé ilé yín, nítorí ọmọ ọmọ yín yóò fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí jẹjẹrẹ ọmú wà nínú ìran òun.

Ẹni tó kú nílé, tí dókítà kò rí i, ṣé a lè mọ ohun tó pa á?

A lè súnmọ́ ọn. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ìbéèrè tí wọ́n tò sílẹ̀ fún èyí. Òṣìṣẹ́ tí wọ́n kọ́ níṣẹ́ á wá bá ẹni tó tọ́jú olóògbé: Ọjọ́ mélòó ni àìsàn náà? Ṣé ara gbóná? Ṣé ó ń wú ikọ́? Ṣé ẹsẹ̀ wú? Ṣé ó lóyún tàbí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ? Dókítà tàbí kọ̀ǹpútà á wá gbé ìdáhùn náà yẹ̀ wò. Ẹ kíyèsí i pé ohun tí ojú rí ló pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ń béèrè.

Ẹbí wa gbà pé ayé ló pa á. Kí ni kí a kọ?

ICD kò ní àyè fún ayé. Ẹ̀dà kọkànlá ní orí kan fún ìṣègùn ìbílẹ̀, ṣùgbọ́n ti China, Japan àti Korea ni wọ́n kọ́kọ́ fi sí i, ti India sì tẹ̀ lé e. Tiwa kò tíì sí níbẹ̀. Ẹ kọ ohun tí ẹ gbà gbọ́, ìtàn ilé yín ni. Kìkì pé kí ẹ kọ ohun tí ẹ rí ṣáájú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ikùn rẹ̀ wú fún oṣù mẹ́ta, ojú rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ẹni tó bá mọ àìsàn ẹ̀dọ̀ á lè rí i kà lọ́jọ́ iwájú. Bí ẹ bá kọ “ayé” nìkan, kò sí ẹni tó lè rí ohunkóhun kà, ẹ sì ti lè ba orúkọ aláìṣẹ̀ kan jẹ́ títí láé.

Kí ni kí n kọ sínú ìwé ìdílé wa gan-an?

Orúkọ àti oríkì rẹ̀. Ìlú àti oko tó ń gbé, nítorí omi oko àti omi ìlú kì í sábà jẹ́ ọ̀kan. Ọjọ́ tó dùbúlẹ̀ àti ọjọ́ tó kú. Ohun tó kọ́kọ́ ń dùn ún. Oògùn tó lò, àgbo ni o, abẹ́rẹ́ ni o. Orúkọ tí àwọn ará ilé fún àìsàn náà, bí wọ́n ṣe pè é gẹ́lẹ́, kí ẹ má ṣe yí i padà sí ti òyìnbó. Ẹlòmíràn nínú ilé tó ṣe irú àìsàn bẹ́ẹ̀ rí. Ẹni tó sọ ọ́ fún yín, àti ọjọ́ tó sọ ọ́. Bí ìwé ọsibítù bá wà, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, iwájú àti ẹ̀yìn, kí ikán tó dé ibẹ̀. Àwọn ìyá àgbà ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ bá, nítorí àwọn ló jókòó ti aláìsàn lóru.